Ta Ló Ni Ilé Tí Wọ́n Ń Gbé?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa ìfẹ́ àti èrò ọkàn àwọn ará àtijọ́, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń ní kó kọ́kọ́ dáhùn: ta ló ni ilé tí àwọn olólùfẹ́ náà ń gbé, ta ni yóò sì lé ta jáde níbẹ̀ bí ikú bá dé? Ìbéèrè alágbàtà ilé ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé mi ò bi ara mi, odindi ìwé kan ni mo kọ tí kò ṣe é kà, kí n tó padà kọ òmíràn lé e lórí.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn. Òru ni mo fi kọ ìwé náà, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá sì ti dákẹ́. Ìtàn Ayọ̀délé àti Àbẹ̀kẹ́ ni, l'Ékòó, láàárín ọdún 1890 sí 1901. Ọmọ Sàró ni Ayọ̀délé, ìyẹn ìran àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, olùkọ́ sì ni nílé ẹ̀kọ́ CMS, ìjọ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà. Thomas ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń rì í bọmi. Ọmọ Àgùdà ni Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn ìran àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà wálé. Felicidade lórúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pópó Àgùdà ni wọ́n bí i sí, bíríkìlà tó ti Bahia ní Brazil padà wálé sì ni bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì, èmi ni mo rò wọ́n. Èkó tí mo fi wọ́n sí kì í ṣe èmi ni mo rò ó, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo yan ìgbà yẹn nítorí pé n kò mọ ìgbà mìíràn tí àwọn ènìyàn wa fi gbogbo ara jiyàn nípa ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ti gba Èkó láti 1861. Àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Sàró ti padà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ti di oníṣòwò, lọ́yà, dókítà, àlùfáà, oníwèé ìròyìn. Àwọn tó ti Brazil àti Cuba bọ̀ ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alárànbarà káàkiri ìlú. Wọ́n gbà pé bí àwọn bá kàwé, tí àwọn sin Ọlọ́run òyìnbó, tí àwọn wọ kóòtù òyìnbó, ẹgbẹ́ ni àwọn àti òyìnbó yóò jọ máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, ẹni tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí pé aláwọ̀ dúdú lè darí ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan wá tàbùkù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya ní 1890. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ọdún yẹn kan náà làwọn kan jáde, tí wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, ìjọ tí ọmọ Áfíríkà yóò máa darí fúnra wọn. Ní 1894, pásítọ̀ ìjọ onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ David Brown Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi, aṣọ ilẹ̀ wa nìkan ló sì ń wọ̀ kiri.

Ṣé Thomas ni ká máa jẹ́ ni àbí Ayọ̀délé? Ṣé Ọlọ́run ló ní kí ọkùnrin má fẹ́ ju aya kan lọ, àbí òyìnbó ló ní bẹ́ẹ̀? Ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà kún fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ kọ.

Nínú àkọ́kọ́ kíkọ, Ayọ̀délé kì í sọ̀rọ̀, ìwàásù ló máa ń ṣe. Bí òun àti Àbẹ̀kẹ́ bá jọ ń rìn lọ, iyì ọmọ adúláwọ̀ ni yóò máa sọ títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àbẹ̀kẹ́ yóò mi orí. Yóò ní, "Òótọ́ lẹ sọ." Ká sọ tòótọ́, èmi ni mi ò fẹ́ kí wàhálà mi lọ lásán. Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú fíìmù, mo ti ka Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891 títí ojú fi ń ta mí, omi ń dà lójú mi sórí ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀. Gbogbo gbólóhùn tí mo bá rí tó dùn létí, ẹnu Ayọ̀délé ni mò ń tì í sí. Ọmọkùnrin náà kò wá lè béèrè omi mu láìfi ọ̀rọ̀ àwọn bàbá ńlá wa kún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ló kọ́kọ́ kà á. Ó máa ń kàwé tó bá ti pàtẹ tán tí oníbàárà kò tíì dé. Nígbà tó parí rẹ̀, kò yìn ín, kò sì bú u. Ó kàn bi mí pé, "Tí wọ́n bá fẹ́ra, ilé ta ni wọ́n máa gbé?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ìwé èrò ni, pé ọ̀rọ̀ àṣà àti ìgbàgbọ́ ló jà jù níbẹ̀.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ilé ta ni?"

Mo bínú lọ sílé ọjọ́ náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nígbà tí mo sì tún padà sí ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ilé àti ogún ni mò ń wá, kì í ṣe ìwàásù mọ́.

Òfin ìgbéyàwó kan wà tí ìjọba Èkó ṣe ní 1884. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo tilẹ̀ ti kọ ọdún náà sára pátákó ńlá tí mo fi ń to ìṣẹ̀lẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó ń ṣe nínú yàrá àwọn ènìyàn. Ọkùnrin tó bá gbéyàwó lábẹ́ òfin yẹn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ aya mìíràn lé e, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Bí ó bá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀, ìyàwó àti ọmọ sì ní ìpín. Ẹ wá fi wé àṣà wa. Aya kì í jogún ọkọ. Ọmọ olóògbé àti ọmọ ìyá rẹ̀ ló ni ohun tó fi sílẹ̀, opó fúnra rẹ̀ sì wà lára ohun tí ẹbí ń jókòó lé lórí: wọ́n lè ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

Ní 1898, kọ́ọ̀tù l'Ékòó dá ẹjọ́ kan tí àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí títí dòní, Cole àti Cole. Sàró ni ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́. Ọkùnrin náà kú l'Ékòó láìṣe ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ wá, ó ní nínú àṣà ìbílẹ̀ òun ni àrólé, kí wọ́n kó ogún fún òun. Kọ́ọ̀tù ní rárá, ẹni tó ti ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ti gbé ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà lórí ọ̀rọ̀ ogún.

Mo ka ẹjọ́ yẹn, mo pa ìwé dé, mo jáde lọ ra ẹ̀pà. Mo mọ̀ pé mo ti rí ìwé mi.

Nítorí kí ni Ayọ̀délé ń wàásù látàárọ̀? Pé ká pa àṣà òyìnbó tì, ká padà sí tiwa. Ó dáa. Ó wá fẹ́ gbé Àbẹ̀kẹ́ níyàwó. Ó ní ìdána lòun yóò ṣe, pẹ̀lú orógbó, obì, oyin àti ataare, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é fún ìyá ìyá òun kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú. Òun kò ní fọwọ́ sí ìwé òyìnbó kan tó sọ pé ìgbéyàwó àwọn baba òun kò pé. Kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní aya kejì lọ́kàn. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn Ayọ̀délé tó bọ́ orúkọ Thomas sílẹ̀, ó fẹ́ràn agbádá rẹ̀, òun ló tilẹ̀ bá a ran ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìwé.

Láti ìgbà náà ni wọn kò lè jókòó pọ̀ kí n má rí nǹkan kọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibi tí wọ́n ti jà wá. Ayọ̀délé ní, "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ." Òwe gidi ni, àwọn ajàjàgbara sì máa ń pa á. Nínú àkọ́kọ́ kíkọ, Àbẹ̀kẹ́ mi orí sí i. Nínú èkejì, Àbẹ̀kẹ́ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní, "Orísun yẹn ló ya wọlé tó gbé ìyá àgbà mi jáde níjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ ò bi í bóyá ó gbàgbé." Ayọ̀délé dákẹ́. Mi ò mọ ohun tí màá fi sí i lẹ́nu, nítorí náà mo jẹ́ kó dákẹ́ títí dé orí tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ìwé náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń bá mi sọ jù.

Ẹnìkan lè bi mí pé níbo ni mo ti rí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló kún inú ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn. Mi ò rí i nínú fíìmù. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí dé, wọ́n ṣe òkú tán, wọ́n wá béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ ìyá mi. Wọn kò pariwo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló na ọwọ́, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká bá yín tọ́jú rẹ̀." Ìyá mi tú u lára ìdí ìró rẹ̀, ó fún un. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló wà létí mi. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ibi níbẹ̀, gbogbo wọn ló gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ yìí síbì kankan rí, mi ò sì mọ̀ pé òun ni mò ń kọ nígbà tí mò ń kọ Àbẹ̀kẹ́, àfi ìgbà tí mo tún orí yẹn kà sókè tí ohùn mi sì há.

Nítorí náà ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń kọ irú ìwé yìí: tí o bá rí i pé ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé dùn lẹ́nu rẹ̀, lọ wò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé tí ẹgbẹ́ onítọ̀hún kọ nìkan lo kà. Wá ohun tí ẹnìkejì máa pàdánù. Má wá àlàyé fún un o, ohun tó máa pàdánù ni kí o wá. Àlàyé á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Má sì gbà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ́ òmùgọ̀. Ìtàn gan-an kò gbà á. Ẹ wo James Johnson, àlùfáà ìjọ St. Paul's ní òpópónà Breadfruit l'Ékòó. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ọmọ Áfíríkà nínú ìjọ, orúkọ ilẹ̀ wa ló sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ àwọn ọmọ tó ń rì bọmi. Ọkùnrin yẹn kan náà ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aláya púpọ̀ rárá. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ rẹ̀ bínú jáde ní 1901, tí wọ́n dá ìjọ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Bethel sílẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò pé yóò bá àwọn lọ. Kò lọ. Tàbí ẹ wo ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth ní 1888: wọ́n ní kí wọ́n má ri ọkùnrin aláya púpọ̀ bọmi, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ pé ní ìgbà mìíràn wọ́n lè ri àwọn ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi. Ẹ fojú inú wo ilé tí ìyàwó ti wọ ìjọ tí baálé ṣì wà níta! Odindi orí kan ni mo rí nínú gbólóhùn kan yẹn. Ìyá Ayọ̀délé ni mo fi sínú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ àtùpà àti afárá, ló tún fẹ́ẹ̀ bà mí jẹ́. Mo ti kọ ọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ rin orí afárá láti Ìdúmọ̀tà lọ pàdé Ayọ̀délé ní 1893. Afárá wo? 1901 ni wọ́n ṣí Afárá Carter. Kó tó di ìgbà náà, bí o bá ń ti Èkó lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi ni. Mo kọ́kọ́ bínú nítorí pé ibi tí wọ́n ti fi ẹnu ko ẹnu wà lórí afárá yẹn. Nígbà tí mo wá gbé wọn sínú ọkọ̀, mo rí i pé ó sàn: nínú ọkọ̀, ẹni márùn-ún mìíràn jókòó tì wọ́n, atukọ̀ ń gbọ́ wọn, wọn kò sì lè dìde kúrò níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá korò. Ìfẹnukonu náà kò sì sí mọ́. Ìka méjì ló kanra lórí apẹ̀rẹ̀ ẹja. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ.

Reluwé náà, 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó, 1901 ló dé Ìbàdàn. Ayọ̀délé tí mo ti fi reluwé rán wá sí Ìbàdàn ní 1892 wá di ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ogun Ìjẹ̀bú sì bá a lójú ọ̀nà, nítorí pé ọdún yẹn ni àwọn òyìnbó gbógun ti Ìjẹ̀bú. Mi ò ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ orí ohun èlò ló fún mi ní orí tó dára jù nínú apá kejì. Pátákó ńlá ni mo fi ṣe é: ọdún lókè, ohun tó ti wà lápá ọ̀tún, ohun tí kò tíì sí lápá òsì. Èyí tó wà lápá òsì ló wúlò jù.

Ibi tí mo ti ṣòfò jù ni ọ̀rọ̀ mọ́sálásí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí Mọ́sálásí Shitta Bey ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí sí Sàró, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló ya àwòrán rẹ̀. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Liverpool, wá láti ṣojú Súlútáànì ilẹ̀ Tọ́kì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi Shitta jẹ oyè Bey. Ẹ gbà mí, ta ló máa rí irú ọjọ́ yìí tí kò ní kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé? Mo kó o. Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀. Mo ṣàpèjúwe aṣọ gbogbo wọn. Àwọn olólùfẹ́ mi sọnù sínú èrò, mi ò sì rántí wá wọn mọ́ títí orí náà fi parí.

Nígbà tí mo tún un kọ, mo fi ọmọbìnrin náà sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó rẹ́ ògiri ibẹ̀. Kò wo gómìnà. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ibì kan lára ògiri tí rírẹ́ rẹ̀ kò dán tó, ó ń kùn sínú. Onísìn Kátólíìkì ni, mọ́sálásí ló kọ́, ó sì bínú pé iṣẹ́ náà kò mọ́ tó. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan nípa ìfarada láàárín ẹ̀sìn sí i. Ẹni tó bá ti dé Èkó rí mọ̀.

Àwọn ènìyàn gidi tó ní orúkọ nínú ìtàn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu bí ẹ kò bá rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́. Mo ti jẹ́ kí Agbebi bá Ayọ̀délé jókòó nínú àkọ́kọ́ kíkọ, kó sì gbà á nímọ̀ràn lórí obìnrin. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo tún un kà. Ọkùnrin náà ní ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ. Nínú èyí tó jáde, Ayọ̀délé kàn rí i lọ́ọ̀ọ́kán ni, lójú pópó, pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó sì sá tẹ̀ lé e díẹ̀, ìtìjú mú un, ó padà. Ìyẹn tó.

Orí tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù kò ní àríyànjiyàn kankan. Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n kan Jésù mọ́gi ni, Àbẹ̀kẹ́ sì pe Ayọ̀délé wá jẹ fùrèjọ̀n. Àwọn Àgùdà kì í fi oúnjẹ yẹn ṣeré lọ́jọ́ náà: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ẹja. Ayọ̀délé tó jẹ́ ọmọ Sàró kò jẹ ẹ̀wà dídùn rí láyé rẹ̀. Ó bù ú sẹ́nu, ojú rẹ̀ yí. Ó wo ojú ìyá Àbẹ̀kẹ́, ó gbé e mì, ó tún bù sí i. Àbẹ̀kẹ́ rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun yóò fẹ́ ẹ. Mo kọ ọ́ ní ìjókòó kan, mi ò sì tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Mo gbìyànjú láti lo àkọtọ́ ìgbà yẹn, "aiye", "enia", "nwọn", kó lè jọ ti àtijọ́. Ó sú mi, ó sú òǹkàwé. Ohun tó ṣiṣẹ́ kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Láti orí kìíní ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń fi "ẹ" bá Ayọ̀délé sọ̀rọ̀, olùkọ́ ni, ó sì ṣàgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjà wọn le jù, mo jẹ́ kó sọ pé, "O ò gbọ́ mi." Mi ò kọ pé ó bínú, mi ò kọ pé ohùn rẹ̀ ga. Láti ibẹ̀ lọ, kò tún fi "ẹ" pè é mọ́ àfi níwájú ìyá rẹ̀.

Títẹ̀ ẹ́ jáde kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan bi mí bóyá ó máa wọ inú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà fún ìdánwò. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n dá a padà. Òmíràn fẹ́ ẹ, àmọ́ wọ́n ní kí n fi ẹ̀kọ́ ìwà rere sí ìparí orí kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Owó àjọ ni mo fi tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa: atẹ̀wé gbé fáìlì mi sínú ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo àmì ohùn ṣubú dànù, àwọn mìíràn di àpótí kékeré aláìnínú. Nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún mi wò, Àbẹ̀kẹ́ ò wọ ọkọ̀ mọ́, "ọkọ" ló wọ̀. Ẹ má gbé fáìlì tí wọ́n lè yí padà fún atẹ̀wé. Ẹ fúnra yín sọ ọ́ di PDF, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ orí kan péré wá kí ẹ tó san owó tó kù. Kí ẹ sì wá ẹnìkan tí kò mọ ìtàn náà kó bá yín wo àmì, nítorí pé ojú ẹni tó kọ ọ́ á máa rí ohun tó ní lọ́kàn.

Bí mo ṣe parí ìtàn wọn dá ìjà sílẹ̀. Ní 1901, wọ́n lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí òfin náà fi àyè gba ìyẹn. Aṣọ òkè ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ti ṣe ìdána ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Akọ̀wé béèrè orúkọ, ọkùnrin náà sì kọ Ayọ̀délé sórí ìwé òyìnbó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà wọ ìwé ìjọba. Àwọn ọkùnrin kan tó kà á ní mo jẹ́ kí obìnrin ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́ wa ní Àbẹ̀kẹ́ ló ṣẹ́gun ara rẹ̀, ó ní kí ló dé tó fi gbà láti dúró dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn.

Láìpẹ́ yìí obìnrin kan pè mí. Ẹnìkan yá a ní ìwé náà, nọ́ńbà mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fẹ́ bá mi sọ. Ó ní òun àti ọkọ òun ti ń gbé bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ mẹ́ta, ìdána nìkan ni wọ́n ṣe, ilé tí àwọn sì jọ kọ́, orúkọ ọkọ òun nìkan ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ó ní ṣé òfin tí mo kọ sínú ìwé yẹn ṣì wà. Mo sọ fún un pé òfin ìgbéyàwó tó wà lónìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láti ara irú èyí ló ti wá, àmọ́ olùkọ́ Yorùbá ni mí, kó wá lọ́yà lọ, kó mú ìwé ilẹ̀ náà dání, kó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún. Ó ní ó ti yé òun. Ó wá bi mí bóyá Ayọ̀délé tilẹ̀ padà fẹ́ràn fùrèjọ̀n. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀.